Eku Inú Ṣọ́ọ̀bù Aránbàtà

Nǹkan kan ti kú sínú ṣọ́ọ̀bù bàbá aránbàtà.

Àwọn oníbàárà ń di imú, wọ́n ń nawọ́ bàtà sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Eku ni," bàbá ń ráhùn. "Ọwọ́ mi á tẹ̀ ẹ́ lónìí."

Ó tú àpótí ìṣó. Ó gbọn gbogbo awọ tó wà ní kọ̀rọ̀. Kò rí eku, kò rí ìrù eku.

Ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ọmọ wọn dé, wọlé, ó sì dúró gbagidi.

"Baálé mi, ṣé ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà yín?"

"Oògùn wo? Ẹsẹ̀ tó ń ta mí bí iná, tí kì í jẹ́ n sùn, ó ti fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ara mi ti yá."

Ó fẹsẹ̀ ọ̀tún janlẹ̀ gbì. "Ṣó o rí i? Kò dùn mí rárá!"

Ìyàwó wolẹ̀. Omi pupa kan ń jò láti inú bàtà sórí sìmẹ́ńtì.

Ó kúnlẹ̀, ó fa bàtà náà yọ. Òórùn náà bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ṣóńṣó ìṣó kan yọ sókè nínú bàtà. Ihò tó wà ní àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ bàbá gba àtàǹpàkò, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sì ti dúdú bí èédú.

Bàbá dá ìṣó náà mọ̀. Òun ló kàn án nígbà tó ń tún bàtà ara rẹ̀ ṣe.

Bó bá jẹ́ bàtà oníbàárà ni, ì bá ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ wò, kí ìṣó má baà gún ọmọ ọlọ́mọ.

Ti ara rẹ̀, ó ní bí ìṣó bá yọ, ẹsẹ̀ òun á sọ fún òun.

Ẹsẹ̀ ò sọ nǹkan kan.