Ẹsẹ̀ Ológbò Káfíńtà

Igi pákó ni káfíńtà fi gbá aládùúgbò rẹ̀ lápá, apá náà sì dún bí ẹ̀ka gbígbẹ.

"Ìwọ lo ṣe ológbò mi léṣe. Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ pé ó ń jí ẹja rẹ jẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án." Ọkùnrin náà ti ṣubú, ẹnu rẹ̀ gbá ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì kún un.

Káfíńtà ta á nípàá níkùn, ó fi í sílẹ̀ nínú eruku, ó gbé ológbò mọ́ àyà, ó gba ọ̀dọ̀ dókítà ẹran lọ. Ó fi ọmọ rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́fà, sílẹ̀ lójú oorun, torí òpópónà kejì ò jìnnà.

Ẹsẹ̀ iwájú ológbò náà ti wú bí búrẹ́dì. Dókítà, obìnrin àgbà kan, fá irun ibẹ̀, ó sì fa nǹkan tín-ín-rín kan jáde.

"Eyín ejò rèé. Ó bá a jà ni. Níbo ni ológbò yìí máa ń sùn?"

"Lábẹ́ ibùsùn ọmọ mi."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà sọ sí i lọ́kàn. Kò rántí ológbò mọ́, ó sáré padà sílé.

Ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu. Aládùúgbò rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, apá kan ń rọ̀ dirodiro, ó fi èkejì gbá ọmọ mọ́ra. Ejò dúdú kan nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, orí rẹ̀ ti fọ́ yángá.

"Igbe ọmọ ni mo gbọ́ tí mo fi wọlé," ó ní. "Ẹ rọra, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."