Ẹja Tí Ètè Rẹ̀ Là

Láràárọ̀, kí n tó mu ẹ̀kọ, mo máa ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ojú àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Inú ẹyin ẹja ni mo ti ń wò wọ́n. Gbogbo aláboyún ìlú wa ló ní ẹyin tirẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí a ti kán ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú rẹ̀ sí. Bí egungun ojú ẹja inú ẹyin náà bá ṣe tò láàárín ọjọ́ márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ti ọmọ yóò ṣe tò.

"Ẹnu pé" ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ ọ́.

Lónìí, ètè ẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin là. Mo fọwọ́ kan àpá ètè tèmi. Èmi nìkan ló kù ní ìlú yìí tí wọ́n rán ètè rẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa bi mí pé kí ló bù mí jẹ.

Mo fi fóònù pe Ìbídùnní, aláboyún tó ni ẹyin náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé kò sí o?"

"Ètè ọmọ rẹ là díẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan péré ni wọn yóò fún ọ, á sì padé."

"Ṣé àpá kankan ò ní hàn, mà?"

"Kò ní hàn rárá."

Ó dúpẹ́ títí. N kò sọ fún un pé mo ti kọ́kọ́ kọ "Ẹnu pé" fún ọmọ rẹ̀ kí n tó pa á rẹ́.

Òfin ní kí n da ẹja náà nù. Mo gbé e lọ sílé nínú kọ́ọ̀pù. Mo fi etí ṣíbí kán oúnjẹ síwájú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá mi ti ṣe fún mi nígbà tí n kò lè mu ọmú.