Omi Lásán Ni Màmá Ìjẹ̀ṣà Ní Kó Bù Sí I

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó máa fi ránṣẹ́ kiri. Ẹ kà á dé òpin, torí òpin rẹ̀ gan-an ló ń bí mi nínú. Ẹ̀fọ́ ló kú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fọ́ ló ń dùn mí. Orúkọ rere ìyá àgbàlagbà kan ni.

1.
Munawwarah ń gbin lẹ́túùsì, ẹ̀fọ́ tí wọ́n fi ń ṣe sàláàdì, lẹ́yìn ilé bàbá wọn ní Òṣogbo. Kò lo iyẹ̀pẹ̀ rárá. Inú páìpù tí omi ń gbà kọjá ló ń gbìn ín sí, ó sì ń po oúnjẹ ẹ̀fọ́ náà, tó rí bí iyọ̀, mọ́ omi inú táǹkì. Nígbà tó bímọ, tó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Ìlọrin, ó fa ọgbà náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Kàósárà ni orúkọ ẹ̀gbọ́n yìí. Aláró ni, iṣẹ́ àdìrẹ rẹ̀ sì dára, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ife oúnjẹ kékeré kan péré lọ́sẹ̀," ni Munawwarah wí. "Bí omi bá fà láàárín ọ̀sẹ̀, omi lásán ni kí ẹ bù sí i."

Màmá Ìjẹ̀ṣà jókòó níbẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Opó ni, ará Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé yàrá kan nínú ilé náà. Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò jẹ iyán rẹ̀ rí lọ́jọ́ Àìkú, títí kan Zulkifli, àbíkẹ́yìn Kàósárà.

2.
Munawwarah kò tíì dé Ìlọrin tí Kàósárà ti ń yọ ṣùtì.

"Ọmọ tí mo pọ̀n ni yóò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po nǹkan sómi? Èmi tí mo fi aró dàgbà?"

Ẹ mọ bí àwọn aláró ṣe ń ṣe: bí aṣọ kò bá tíì dú tó, wọ́n á tún un rẹ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ro ẹ̀fọ́ sí. Ó fẹ́ kó dúdú mìnìjọ̀ kí àbúrò rẹ̀ tó dé. Ó bu ife kan, ó bu èkejì, nígbà tó yá ó gbé ife sílẹ̀, igbá ìpo-aró ló fi ń bù ú. Ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí Wáàsáàpù pé ọwọ́ òun kì í bà á tì.

3.
Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í jó, bí ẹni pé iná rá a. Kàósárà ní ebi ló ń pa á, ó tún bù sí i. Ẹ̀fọ́ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi tọ̀sán-tòru wá ń rọ bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ ò ní jẹ́ kí n bínú? Ìwọ bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sínú ife omi kí o mu ún, kí o wò ó bóyá òùngbẹ á lọ!

Màmá Ìjẹ̀ṣà rí i, àánú ṣe é. "Kàósárà, ọmọ mi, oúnjẹ yìí mà ti pọ̀ jù. Omi lásán ni àbúrò rẹ ní kí o bù sí i. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ."

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti dàgbẹ̀ ni?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo rẹ̀ ti kú.

4.
Ibi tó yẹ kó ti sọ pé "mo ṣàṣejù," kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó dúró láàárín ilé, ó figbe bọnu.

"Ẹ wá wò ó o! Ìyá yìí dúró lé ẹ̀fọ́ yìí lórí, ó ní kò ní yè, kò sì yè! Ta ló sọ fún un? Àjẹ́ ni!"

Ẹni tó kìlọ̀ ló wá di àjẹ́! Gbogbo àwọn tó ti jẹ iyán ìyá yìí wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lanu. Ojú tì mí fún wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá gúnyán, ó pe àwọn ọmọ. Ẹnìkan ò wá. Zulkifli sá sẹ́yìn kọ́tìnì. Ìyá jókòó ti iyán náà títí ó fi tutù. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀.

"Ulé mi ni mò ń lọ," ló fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ sọ. Kò bá ẹnikẹ́ni jà.

5.
Munawwarah dé, wọ́n ròyìn ọ̀rọ̀ àjẹ́ náà fún un, ó sì wọ ọgbà. Iyọ̀ funfun ti gbẹ mọ́ ẹnu páìpù. Ó gbé rọ́bà oúnjẹ ẹ̀fọ́ tó fi sílẹ̀ kún dẹ́nu, òfìfo ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ní kí ẹ bù sí i bí omi bá fà?"

Kàósárà wolẹ̀. "Omi lásán."

"Ta ló tún rán yín létí?"

"Màmá Ìjẹ̀ṣà ni," ló fi ẹkún sọ.

Àwọn méjèèjì lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Kàósárà kúnlẹ̀, Màmá Ìjẹ̀ṣà sì fà á dìde.

"Mo ti dárí jì ọ́, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ bá wa padà."

"Mo rí ẹsẹ̀ Zulkifli lábẹ́ kọ́tìnì lọ́jọ́ yẹn. Ó ń gbọ̀n. Kí n tún padà wá dẹ́rù bà á?"

Munawwarah ti fọ páìpù, lẹ́túùsì mìíràn sì ti hù. Yàrá Màmá Ìjẹ̀ṣà ṣì wà ní títì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin nǹkan sínú omi, tàbí tí ẹ ń tọ́jú òdòdó nínú pálọ̀, ìwọ̀n tí wọ́n bá ní kí ẹ bù ni kí ẹ bù. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ ṣe é! Ẹ má wá àgbàlagbà tí kò ní alátìlẹ́yìn tí ẹ máa di ẹ̀bi náà rù. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń yá láti pe èèyàn ní àjẹ́. Omi lásán fọ iyọ̀ kúrò nínú páìpù, ṣùgbọ́n kò sí omi tó máa fọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò létí ọmọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.