Aránṣọ Tó Ń Fi Àṣírí Ẹlòmíì Gbàdúrà

Obìnrin aránṣọ kan wà tí ẹnu rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dúró. Kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn bí àwọn olófòófó yòókù. Inú àdúrà ni tirẹ̀ ń gbà jáde. Bí o bá sọ ohun tó ń dùn ọ́ fún un lónìí, tó bá fi máa di ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, gbogbo ìjọ á ti máa bá ọ ṣe àmín sí i.

Ó mọṣẹ́, ká sọ òótọ́. Aṣọ tó bá rán kì í fún ni lápá, kì í tú lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àti àga onítìmùtìmù kan fún oníbàárà. Àga yìí rọ̀ débi pé èèyàn á gbàgbé pé bọ́tìnnì lòun wá gbé sí ẹ̀wù. Aránṣọ á máa fẹsẹ̀ wa máṣíìnì, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Báwo ló wá ṣe jẹ́ gan-an?" Kí téèpù tó dé ìbàdí, ọ̀rọ̀ ti tú jáde.

Ìjọ wọn kéré. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lẹ́yìn, àlùfáà tó wà níwájú mọ ẹni tó wúkọ́. Fádà ni gbogbo wọn ń pe àlùfáà yìí, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń tún ẹ̀rọ omi ìjọ ṣe fúnra rẹ̀. Ó ti pe aránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí.

"Ìyá, àwọn ẹ̀bẹ̀ àdúrà tẹ́ ẹ ń mú wá yìí, ṣé àwọn tó ni wọ́n ló ní kẹ́ ẹ mú wọn wá?"

"Fádà, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni rí o. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà ní ká máa gbàdúrà fún ara wa."

"Ẹ rọra ṣe é, ẹ jọ̀ọ́," ni Fádà wí. Ọ̀rọ̀ náà gba etí kan wọlé, ó gba èkejì jáde.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́ káfíńtà kan gbé ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ tó ya lórúnkún wá. Ó jókòó sórí àga yẹn, ó ní, "Ìyá, ẹ má tíì sọ fún ẹnì kankan o. Mo ti rí ibi tí mo máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tèmi. Tá a bá parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa sọ fún ọ̀gá mi."

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ ti dé ibi tó máa sùn sí."

Kò sùn. Nígbà tó di ìpàdé àdúrà, aránṣọ dìde, ó pa ojú dé. "Mi ò ní dárúkọ o. Ẹ ṣáà bá mi fi ọ̀kan nínú wa sínú àdúrà, ọmọ dáadáa tó mọ igi í gbẹ́, tó fẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Kí Olúwa ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tuntun fún un."

Ọ̀gá káfíńtà wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Àmín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ́ náà bá ayùn àti òòlù rẹ̀ níta, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Ṣọ́ọ̀bù tuntun kò tíì ní òrùlé. Abẹ́ ìgbátí ilé ẹlòmíì ló ti wá ń ṣiṣẹ́, bí òjò bá sì ti ṣú, á palẹ̀ ẹrù mọ́.

Kò sẹ́ni tó bá aránṣọ jà. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Oníbàárà ṣì ń wá, àmọ́ orí ìdúró ni wọ́n ń wà, wọn kì í jókòó sórí àga yẹn mọ́. "Oòrùn yìí mà mú o," ni wọ́n á wí, wọ́n á gba aṣọ, wọ́n á lọ.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti lọ́kọ sí òdìkejì ìlú, náà kò yọjú mọ́. Bí ìyá bá pè é lórí fóònù, á ní iṣẹ́ pọ̀. Bí ìyá bá ní òun ń bọ̀, á ní àwọn ò ní sí nílé. Ó rí bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí obìnrin oníbúrẹ́dì yọjú sí ṣọ́ọ̀bù.

"Ìyá àgbà tuntun! Ẹ kú oríire o! Ọmọ ọ̀hún mà jọ yín!"

"Ọmọ wo?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu oníbúrẹ́dì.

Aránṣọ kò ti ilẹ̀kùn kó tó gbéra. Ó bá ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìkókó wà lọ́yàn. Aṣọ tó fi gbé oyún wà lórí okùn, ìyá sì fi ojú kan mọ̀ pé ọwọ́ aránṣọ mìíràn ni. Ọmọ tóun bí ti lọ wọn ara rẹ̀ níbòmíì.

"Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Màámi, ẹ má bínú. Oyún náà ò kọ́kọ́ dúró dáadáa. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa fi mí sínú àdúrà."

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò lè ní kí wọ́n gbé ọmọ fún òun.

Ọ̀dọ̀ Fádà ló gbà lọ. Ó bá a lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, sípánà lọ́wọ́, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Fádà nu ọwọ́. "Ìyá, Ọlọ́run mọ orúkọ káfíńtà yẹn, Ó mọ ilé rẹ̀, Ó mọ ohun tó ń fẹ́. Àwa tá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì nìkan ni ò mọ̀ ọ́n. Ta lẹ wá ń sọ fún?"

Aránṣọ gbéra níbẹ̀. Ó lọ bẹ káfíńtà. Ọ̀dọ́ náà kò sọ pé kò sí nǹkan. "Ó dùn mí gan-an, Ìyá," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá fa àpótí fún un láti jókòó.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń rọ̀. Ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kó wẹ ìkókó, ó jẹ́ kó gbé e sùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí ìyá rẹ̀ létí. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bó ṣe ń lọ sílé, oníbúrẹ́dì dá a dúró.

"Ẹ̀rín yìí mà pọ̀ o! Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ fún mi ní búrẹ́dì kan, èyí tó ṣì gbóná."

Ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ fún un, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí dòní. Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa ti fi ẹrù pa mọ́ sí wa lọ́wọ́. Kì í ṣe tiwa láti pín, ì báà jẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ọmọnìkejì wa, ká gbà á tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ká rí i dájú pé Ọlọ́run nìkan là ń sọ ọ́ fún. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá gba ọ̀rọ̀ dúró, ará ìta ni yóò máa ròyìn ayọ̀ ilé rẹ̀ fún un. Ìgbàgbọ́ kò mọ sí ohun tí à ń sọ nílé Ọlọ́run. Ohun tí a bá lè pa mọ́ sínú nítorí ìfẹ́ wà lára rẹ̀.