Ìparí Tí Ìyàwó Ò Ti Lọ

Ìparí méjì ni géèmù fídíò náà ní. Bí ọkọ bá ń jiyàn, ìyàwó á kó ẹrù lọ. Bó bá tọrọ àforíjì, ìyàwó á dúró. Ẹni tó ń gbá géèmù ni ọkọ, kámẹ́rà sì ni ojú rẹ̀.

Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Wen Shuting, òṣèré tó ń ṣe ìyàwó, ṣe ìparí àkọ́kọ́, ó sì pé. Ìparí kejì ni kò bọ́ sí i. Wọ́n ti ń yà á bọ̀ láti ọ̀sán, inú sì ti ń bí Geng Zhongqi, ẹni tó kọ ìtàn náà tó tún ń darí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa dá gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà padà fún onílé. Bí ìparí kejì ò bá sí, kò sí bí ọkọ inú géèmù ṣe máa dá ìyàwó rẹ̀ dúró láéláé.

"Ojú ẹ tún ti kúrò nínú kámẹ́rà!" Geng pariwo láti ẹ̀yìn kámẹ́rà. "Ọkọ ẹ ni kó o wò, kì í ṣe èmi!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

Aṣọ àwọ̀ ewé, tí wọ́n máa fi àwòrán rọ́pò tó bá yá, ló bo gbogbo ògiri. Inú kọ̀ǹpútà Pan, tó ń ya ilé sí i, nìkan ni ilé ìdáná wà, pẹ̀lú sọ́séèjì tí wọ́n sá sójú fèrèsé. Àwọn òṣèré yòókù máa ń rìn gba àárín tábìlì inú kọ̀ǹpútà náà kọjá. Shuting kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ tẹ orí sílẹ̀ kó má baà fi gbá kọ́bọ́ọ̀dù tí kò sí níbẹ̀.

"Ta ló fi kọ́bọ́ọ̀dù yẹn hàn án?" Pan béèrè. "Àná lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n fi síbẹ̀."

"Ó mọṣẹ́ ni. Gbájú mọ́ tìẹ, oníkùn àgbá."

"Ikùn mi ò ṣẹ̀ yín o, ọ̀gá."

Wọ́n tún yà á. Shuting gbé báàgì sílẹ̀. "Mi ò lọ mọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ táútáú.

"Irọ́ ni!" Geng fìbínú ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ọkùnrin yìí ti bẹ̀ ẹ́! Ó lóun ò ní sun ibi iṣẹ́ mọ́! Kí ló tún kù?"

Ọ̀rọ̀ náà ti sú gbogbo wọn. Pan ní kí wọ́n wá òṣèré mìíràn.

"Ẹlòmíì ò lè ṣe é," ni Geng wí.

"Òun náà ò kúkú lè ṣe é."

"Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Shuting wí. Ó gbé báàgì sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí kò wo kámẹ́rà rárá. Geng ló ń wò, tòun tomi lójú.

"Zhongqi," ló wí, "ẹ̀bẹ̀ tó o kọ fún ọkọ inú géèmù yìí, ká ní o bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kó kúrò nílé wa, ǹ bá má ti lọ."