Pátákó Yí sí Méjì

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, gbogbo ará Òkè-Àgbọn a máa tò síwájú ilé ìwòsàn. Wọ́n á fi ahọ́n kan bébà àyẹ̀wò pélébé kan, wọ́n á sì máa tàkúrọ̀sọ títí bébà náà á fi dáhùn: bí kòkòrò éèdì bá wà lára ẹni, á pọ́n. Pátákó orí ilẹ̀kùn ló ń fi iye ẹni tó ní kòkòrò éèdì nínú ìlú hàn. Láti ọdún mẹ́fà, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, Màmá Ṣijúwọlá tó ń ránṣọ. Gbogbo ìlú ló mọ̀, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi bá a ṣẹ̀fẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, pátákó yí sí méjì. Màmá wẹ̀yìn, ó rí Tísà Akínlàjà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ìlú. Bébà ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n.

Màmá lọ dì í lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Ó ń bà mí, Màmá. Mo rò pé ó ti tán nílẹ̀ ni."

"Abẹ́rẹ́ kan lọ́dún ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kò ran ìkankan nínú wọn, kò ran bàbá wọn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Nígbà tí mo rí méjì yẹn, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì gba abẹ́rẹ́."

Tísà wò ó tìyanutìyanu, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, Màmá, ẹ sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì yín," ló wí, wọ́n sì jọ wọlé.