Ẹ̀rọ Tó Túfọ̀ Adébọ̀dé

Ìkánjú ni àrùn Dọlápọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà, ta ló máa jiyàn? Ṣùgbọ́n bí o bá ń bá a sọ̀rọ̀, o ò ní tíì dé ìdajì tí yóò fi ní, "Ó ti yé mi." Kò sì yé e rárá!

Ilé ìtẹ̀wé Àlàájà Munirat ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́. Àlàájà ní kó ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí Wọ́sáàpù. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá kà nìkan ló lè sọ, inú ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó gbogbo fáìlì wọn sí ni yóò sì ti máa kà á.

"Fódà iye owó iṣẹ́ nìkan ni kó o so mọ́ ọn o," Àlàájà kìlọ̀ fún un. "Iṣẹ́ àwọn oníbàárà, àṣírí wọn ni."

"Ó ti yé mi, mà."

Ó yẹ kó fara balẹ̀ yan fódà kan ṣoṣo yẹn. Kò ráyè. Gbogbo ibi ìpamọ́ náà pátá ló so mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn oníbàárà ń yìn ín, Àlàájà fi kún owó oṣù rẹ̀, Dọlápọ̀ bá ń yan bí ọ̀gá káàkiri àdúgbò. Ta ló máa bá a wí?

Ẹ̀yin ará mi, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ń jẹ́ Samson wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Adébọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Póstà ìsìnkú ló wá tẹ̀.

"Àlàájà, ìyá rẹ̀ ò tíì gbọ́," ló wí. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A kì í sì í ṣàdédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Èmi àti pásítọ̀ la jọ máa lọ bá a nírọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á mọ́ra."

Dọlápọ̀ ṣe póstà náà tán, ó fi í sí ibi ìpamọ́ tí wọ́n ń kó gbogbo iṣẹ́ sí. Ó rántí ohun tó so mọ́ ẹ̀rọ. Àmọ́ ebi ń pa á. "Jẹ́ kí n jẹun ná," ló wí, "màá tú u."

Ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ohùn obìnrin kan wọlé sórí Wọ́sáàpù láti àdúgbò Fọlá Agoro.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá Adébọ̀dé ni mí. Ṣé ọmọ mi ti wá gba ìwé ìsìn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wa lọ́dọ̀ yín? Àtàná ni mo ti ń pè é, kò gbé e."

Dọlápọ̀ sọ ṣíbí nù. Kó tó dé ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ti fèsì: "Ẹ káàsán, Màmá. Iṣẹ́ Adébọ̀dé tó wà lọ́dọ̀ wa ni póstà ìsìnkú rẹ̀. Ó ti ṣetán."

Yéè! Ó sáré jáde, kò wọ bàtà. Ó mọ ilé náà, ó ti gbé iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn lọ síbẹ̀ rí. Ó gbọ́ igbe kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, fóònù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbéra mọ́.

"Dọlápọ̀," ó ń wò ó, "ṣé ìwọ lo kí mi pé ẹ káàsán?"

Dọlápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Àlàájà lé e. Láti Ṣómólú dé Bàrígà, kò sí ilé ìtẹ̀wé tó tún gbà á. Ó máa ń lọ kí Màmá títí di òní olónìí. Bí Màmá bá ti gbóhùn rẹ̀, á kọjú sí ògiri, kò sì ní dá a lóhùn.

Ìwọ tó o gbọ́ èyí, jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán kó o tó ní ó yé ọ. Àṣírí tí wọ́n bá fi sí ọ lọ́wọ́, tì í mọ́lé dáadáa; ọjọ́ tó o bá sì rántí pé o ò tì í, dìde níbi oúnjẹ. Ẹ̀rọ kò mọ òkú, kò mọ ìyá òkú. Ohun tá a bá kó síwájú rẹ̀ ló máa sọ, àwa tá a kó o síwájú rẹ̀ la ó sì jẹ̀bi.